Inú Bọ́ọ̀sì Nilé Wa

Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi wá pé ibo là ń gbé báyìí. Inú bọ́ọ̀sì ni o! Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà, èmi àti ìyá àwọn ọmọ ń bá odò Ọ̀ṣun lọ, a ń gbá etí omi, a ń ṣa ọ̀rá àti ike. A kì í gbowó. (Àwọn àgbà òyìnbó kan ń gbé bẹ́ẹ̀ ní aṣálẹ̀ Arizona, ẹ má pè wá ní wèrè.)

Aṣéjire la wà nígbà tí ọmọ wa obìnrin bímọ sí Ìkirè. Ìyá rẹ̀ ní ká bu omi Ọ̀ṣun fún ọmọ náà mu. Mo ní rárá. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ti sọ omi di ẹrẹ̀. Lọ́dún 2022, ìjọba kìlọ̀ fáwọn tó wá sọ́dún l'Óṣogbo pé kí wọ́n má mu ún.

"Ṣé ọmọ Ọ̀ṣun ò ní mọ adùn omi ìyá ẹ̀ ni?"

Ọjọ́ méjì la fi fa ọ̀rọ̀ yìí, bọ́ọ̀sì ọ̀hún ò sì ní yàrá kejì! Ẹja tútù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá afárá, kò dáná ẹ̀.

Níkẹyìn ó ní ká lọ pọnmi níbi tí odò ti ṣẹ̀, n'Ígèdè-Èkìtì. Epo wọ́n, ìsọmọlórúkọ sì ku ọjọ́ mẹ́rin. A gbé kẹ́ẹ̀gì kan, a lọ.