Àpótí Ẹ̀rọ Nínú Ilé Ìdáná: Ó Yẹ Tàbí Kò Yẹ?

Bóyá ẹlòmíràn nínú yín yóò rí àkọlé yìí, yóò sì wí pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná kò yẹ ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ní ìmọ́tótó àti ní ètò ilé, ó yẹ kí ó lè ronú jinlẹ̀ lórí ibi tí a ó gbé ìkòkò kalẹ̀ sí. Ní ìsinmi tí ó kọjá, àwọn ará ilé mi fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo sì fẹ́ sọ fún yín bí mo ti gbé e yẹ̀ wò, àti ibi tí a parí rẹ̀ sí.

Ohun tí mo ń sọ ni àpótí tí a ń kàn mọ́ orí pẹpẹ ìdáná, lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù òkè, tí ó sì ní ilẹ̀kùn níwájú. Nínú rẹ̀ ni a ń kó ẹ̀rọ ìlọta sí, àti ẹ̀rọ ìsè omi, àti èyí tí ń yan búrẹ́dì, àti èyí tí ń po ìyẹ̀fun. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní gáréèjì ẹ̀rọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gáréèjì tí agbèrò ti ń pe èrò ni wọ́n ní lọ́kàn. Ilé kékeré tí ọlọ́kọ̀ ń wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ̀ ní alẹ́ ni. Ilẹ̀kùn àpótí náà a máa ká lọ sókè bí ẹní, tàbí kí ó ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Ó gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ wọn láàárín 1980 sí 1989. Lẹ́yìn náà ó di ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n ní àìpẹ́ yìí àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀.

Èrò tí ó bí i ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilé-iṣẹ́ Hoosier ní ìpínlẹ̀ Indiana ń ta kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tí ó ní àyè ìyẹ̀fun pẹ̀lú asẹ́ rẹ̀, tí ó sì ní pẹpẹ iṣẹ́ tí a lè fà jáde. Ní 1913, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Christine Frederick, tẹ ìwé jáde láti kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọn yóò ti dín ìṣísẹ̀ asán kù nínú iṣẹ́ ilé. Ní 1926, Margarete Schütte-Lihotzky, ọmọ ilẹ̀ Austria, ya àwòrán ilé ìdáná tóóró kan fún àwọn ilé tuntun ní ìlú Frankfurt ní Jámánì. Ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 2 lọ, síbẹ̀ ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni a sì kọ́ sí ilé àwọn ènìyàn. Ẹ̀kọ́ kan náà ni mo rí kọ́ lára gbogbo wọn: kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe, kí a tó kan pákó mọ́ pákó.

Ìyá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún tí ó kọjá. Wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn láti tún ilé ìdáná ilé wa ní Ìlẹ̀ṣà ṣe. Owó náà ní ìwọ̀n. Ohun tí a bá fi kún ìhín, a ní láti yọ ọ́ kúrò ní ọ̀hún. Nígbà náà ni gbẹ́nàgbẹ́nà wa fi àwòrán àpótí yìí hàn wá, ó sì béèrè bóyá kí òun ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kí ó ṣe é kí ó gùn láti igun dé igun, kí àlejò má baà máa rí wáyà àti ẹ̀rọ káàkiri. Ìyá mi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní kí èmi tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ní tòótọ́, ọkàn mi kọ́kọ́ tẹ̀ sí kíkọ̀. Àwọn baba wa sọ pé bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ìdí mìíràn sì tún wà. Èkíní, ooru omi gbígbóná a máa ba pákó jẹ́ bí a bá sé e mọ́ inú àpótí. Ẹ̀rọ tí ń yan búrẹ́dì tí a tan nínú àpótí sì lè dá iná sílẹ̀. Èkejì, èérún búrẹ́dì àti òkùnkùn ni aáyán ń fẹ́. Ẹ̀kẹta, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó wọ́pọ̀ ní ilé wa kì í ru ju ámpù 13 lọ. Ẹ̀rọ ìsè omi kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 3,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá sì fi ẹ̀rọ mẹ́ta bọ ojú kan, ewu ni ó ń pè. Ẹ̀kẹrin, bí iná mànàmáná bá lọ, ọlọ ni a ń padà sí, ọlọ kò sì nílò ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi èrò ọkàn nìkan dá ẹjọ́. Mo lẹ bébà kan mọ́ ògiri, mo kọ orúkọ ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, mo sì bẹ gbogbo ilé pé nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá lo ọ̀kan, kí ó fa ìlà kan sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ẹ̀rọ ìsè omi ní ìlà 15, ẹ̀rọ ìlọta ní 6, èyí tí ń yan búrẹ́dì ní 2. Ẹ̀rọ ìpo ìyẹ̀fun kò ní ìlà kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n rà á fún ìyá mi ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ó wúwo tó nǹkan bí kílò 12, ó sì wà ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ilẹ̀, lẹ́yìn àwọn ìkòkò ńlá.

Ẹni tí ó bá ka bébà náà yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn ẹ̀rọ tí a ń lò wà lórí pẹpẹ ná, wọn kò sì fẹ́ ilẹ̀kùn; èyí tí a kì í lò kò yẹ ní ohun tí a ń náwó lé lórí. Ìṣirò náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó dáhùn, èyíinì ni ohun tí a ń lò. Kò lè sọ fún wa ìdí tí a kò fi lo èyí tí a kò lò. Nítorí náà mo lọ bá ìyá mi, mo sì béèrè bóyá ẹ̀rọ ìpo ìyẹ̀fun náà kò wù wọ́n ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó wù mí. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì pé n ó máa ṣe búrẹ́dì àti mítíì-páì, kí n máa tà á fún àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n èjìká mi kò gba ẹrù mọ́. Bí o bá padà sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ẹ̀gbọ́n rẹ sì wà ní Èkó, ta ni yóò máa gbé e jáde fún mi?”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yí ìdájọ́ padà. Iṣẹ́ tí àpótí yìí lè ṣe, tí kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn kò lè ṣe, kì í ṣe pé ó ń bo ẹ̀rọ lójú àlejò. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wúwo wà ní ìwọ̀n gíga tí a ti ń lò ó, láìsí pé a bẹ̀rẹ̀, láìsí pé a gbé e. Ẹni tí èjìká ń dùn lè fi ìka kan fà á jáde, kí ó lò ó, kí ó sì tì í padà.

Nítorí náà a ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe àpótí kan ṣoṣo, kí ó fẹ̀ tó ẹ̀rọ ìpo ìyẹ̀fun nìkan. Àyè tí ó wà láàárín pẹpẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù òkè jẹ́ ínṣì 18; ẹ̀rọ náà ga tó ínṣì 14, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ a máa ṣí sókè nígbà tí a bá fẹ́ yọ abọ́ rẹ̀, kò sì lè ṣí nínú àpótí. Èyí ni ó fà á tí a fi fi pákó tí ń yọ jáde sí abẹ́ rẹ̀. A fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí inú, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí ń pa iná wà ní ìta níbi tí ojú ti lè rí i. Ẹ̀rọ ìsè omi dúró ní gbangba lẹ́bàá fèrèsé, kí ooru rẹ̀ lè jáde. Ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ sì wà ní àyè rẹ̀ àtijọ́. Kí owó lè ká a, a ní kí táìlì dúró ní ìdajì ògiri. Kò dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀bùn tí wọ́n rà kò ní sùn ní ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbà.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá kàn kúrú. Bí ẹ̀rọ bá fúyẹ́, tí a sì ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà ní gbangba. Bí ó bá ń mú ooru jáde, ẹ má ṣe sé e mọ́ inú pákó. Bí ó bá wúwo, tí ẹni tí ń dáná sì ní iṣẹ́ tí yóò fi í ṣe, ẹ kan àpótí fún un. Kí a tó kan ìṣó kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń dáná.

Ẹ̀yin ará, a kò ní í pẹ́ dé iwájú àwọn ọmọ. A ó rí èyí tí kì í nawọ́ sókè láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, a ó sì fẹ́ kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ìmọ̀ ni kò sí níbẹ̀, tàbí pé ibi tí a fi í jókòó sí ni ó jìnnà jù.