Kì í Ṣe Ẹdùn Àrá

Àwọn tí ó wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà ti ròyìn ọ̀rọ̀ yìí káàkiri, àwọn kan sì ń pè mí ní Ẹdùn Àrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì títí di òní. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi alára.

Nínú ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ ni. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú mú ohun àjèjì kan, kí ó fún un ní orúkọ Yorùbá, kí ó sì wá gbè é lẹ́sẹ̀ níwájú gbogbo wa. Àwọn kan mú ohun èlò ilé ìwòsàn, àwọn mìíràn mú ti ọkọ̀. Èmi tí mo fẹ́ràn ìtàn ogun, bọ́ǹbù oníná tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler, ni mo mú. Mo pè é ní ẹdùn àrá Òyìnbó.

Ẹ má rò pé n kò múra sílẹ̀ o. Mo ṣàlàyé pé bọ́ǹbù yìí kò tóbi rárá: ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́rin, gígùn rẹ̀ kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà bí ihò afárá oyin, kí wọn lè tò ó mọ́ra nínú ọkọ̀ òfuurufú. Irin ni imú rẹ̀, kí ó lè fi orí lu òrùlé wọlé. Ara rẹ̀ gan-an ni igi ìdáná, nítorí magnesium ni wọ́n fi ṣe é. Àdàlú ìpẹtà irin àti aluminium tí ń jẹ́ thermite wà nínú rẹ̀ láti ràn án. Bí ó bá ti gbiná, omi kì í pa á bọ̀rọ̀, iyanrìn ni wọ́n máa ń dà bò ó. Wọ́n tilẹ̀ fi ohun abúgbàù sínú àwọn kan kí ẹ̀rù lè máa ba panápaná láti sún mọ́ ọn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 80 irú rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì jù. Mo ní, "Ó ń ti òkè bọ̀, ó ń la òrùlé, ó ń jó. Kí ni ó tún kù kí ó tó jẹ́ ẹdùn àrá?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú.

Ìyá kan nínú àwọn olùkọ́ wa, tí wọ́n jókòó lẹ́yìn, ni wọ́n nawọ́ sókè.

"Ọmọ mi, o ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n Ṣàngó kì í ṣèèṣì. Olè àti òpùrọ́ ni ó ń wá dé ilé. Ta ni tìrẹ yìí ń wá?"

Mo ní, "Ọ̀tá ni, mà."

"Ọ̀tá wo?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi títí. Kò sí níbẹ̀.

Mo padà sí ilé ìkàwé. Kí n má ṣègbè, àwọn ará Jámánì ti fi irú iná bẹ́ẹ̀ jó Coventry àti London ní 1940. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú wọn pé ọkàn ará ìlú, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́, ni kí wọn dojú kọ. Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, wọ́n lọ sí Lübeck. Ìlú àtijọ́ ni, ilé onígi sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n yàn án nìyẹn. Ta ni ó ń wá, àbí? Ilé ni. Ilé àti ẹni tí ó sùn sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kan Hamburg, òru ọjọ́ 27 mọ́jú ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1943. Bọ́ǹbù ńláńlá ṣí òrùlé, ó fọ́ fèrèsé. Àwọn kéékèèké wá rọ́nà wọlé. Iná sọ níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé, nítorí mo mọ iná yẹn. Ní oko bàbá mi àgbà lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, bí a bá fẹ́ sun ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó kọ́kọ́ ro ilẹ̀ yí i ká. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni wọ́n ti máa ń ṣáná sí i, kí iná lè máa fẹ̀yìn rìn. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ṣáná sí ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láéláé, nítorí bí iná bá pàdé iná, wọn a bí afẹ́fẹ́ tiwọn. Ohun tí bàbá arúgbó ń sá fún lórí oko ẹ̀gẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó ṣírò láti ṣe sí ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá wọn kò retí pé yóò tó bẹ́ẹ̀. Ooru gòkè, afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé láti ibi gbogbo, ó di ìjì tí ń fa igi tu. Àwọn tí ó sá sí abẹ́ ilẹ̀, èéfín àti ooru ni ó pa wọ́n síbẹ̀. Àwọn tí ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ náà ju 30,000 lọ, àti obìnrin, àti ọmọdé, àti arúgbó.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún fún mi láyè. Mo ní mo fa ẹdùn àrá padà, mo sì dárúkọ tuntun: bọ́ǹbù adánásunlé.

Ọ̀rẹ́ mi kan fò dìde pé orúkọ ọ̀daràn ni èyí, kì í ṣe orúkọ ohun èlò. Mo ní ogun ni, èmi kọ́ ni n ó dájọ́ rẹ̀, ti Jámánì náà ní láti jẹ́ orúkọ kan náà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n jiyàn díẹ̀. Ìyá wa kò dá sí i. Wọ́n dìde, wọ́n kọ ọ́ sí ojú pátákó, wọ́n fi àmì ohùn sí i, wọ́n ní kí ẹni tí ó kàn bọ́ síwájú.