CEA àti Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá: Ohun Tí Nọ́ńbà Yẹn Lè Sọ àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá kan ẹ̀yin fúnra yín, ó lè kan ẹ̀gbọ́n yín, tàbí aládùúgbò yín tó ń mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí láràárọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti sọ fún yín lórí WhatsApp yìí pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún mi, ìbéèrè kan ló ń wọlé jù: "Màmá, èló ni CEA yín?" Àwọn mìíràn á ya fọ́tò èsì tiwọn ránṣẹ́, wọ́n á ní kí n bá àwọn wò ó bóyá àwọn á yè é. Èmi kì í ṣe dókítà o. Aláìsàn tó ti mọ ọ̀nà láàbù bí ẹni mọ ọ̀nà ọjà ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti béèrè, mo ti kà, àwọn dókítà mi sì ti fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí ni pé CEA dà bí ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò. Ó wúlò púpọ̀ bí a bá gbé e síbi tó yẹ kó ṣọ́. Bí a bá sọ ọ́ di adájọ́, ó lè ṣì wá lọ́nà.

*Kí ni CEA?*

Ní ọdún 1965, àwọn dókítà méjì ní ìlú Montreal ní Kánádà, Phil Gold àti Samuel Freedman, rí èròjà kan lára jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Wọ́n tún rí èròjà yìí kan náà lára ìfun ọmọ tó ṣì wà nínú oyún. Bí a bá ti bí ọmọ, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń kù. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, á sì máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni wọ́n ń wọ̀n nígbà tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ lápá yín. Ní ọ̀pọ̀ láàbù, wọ́n ń retí kí ó má ju 5 lọ.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, àwọn èèyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí á máa fi ẹni tó ní jẹjẹrẹ hàn, kí àìsàn tó rinlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìgá mímu nìkan lè gbé CEA sókè. Àìsàn ẹ̀dọ̀ lè gbé e sókè. Egbò inú ìfun lè gbé e sókè. Jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹ̀dọ̀fóró náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí jẹjẹrẹ ìfun wọn ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni CEA wọn wà nílẹ̀ bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn jẹjẹrẹ kò fi gbà pé kí a máa fi CEA wá àìsàn yìí lára ẹni tí a kò tíì mọ̀ pé ó ní in.

*Ẹ gbọ́ ti ọ̀rẹ́ mi kan*

A jọ ń ta aṣọ ni, ó sì jù mí lọ. Ó gbà kí n sọ ọ́, kìkì pé kí n má dárúkọ òun. Oṣù márùn-ún ló fi ń rí ẹ̀jẹ̀ bó bá lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Gbogbo wa la mọ orúkọ tí ilé máa ń pè é: jẹ̀díjẹ̀dí. Ó mu agbo, ó jáwọ́ nínú ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ á dá lónìí, á tún wá lọ́la. Lọ́jọ́ kan ó yà sí ilé àyẹ̀wò kan tó ń polówó àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ní ẹ̀dínwó. Alẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyá Bọ̀dé, bá mi yọ̀ o! CEA mi, 2.1 ni. Mo ti bọ́!"

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti dá?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kò tíì dá."

"Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń fojú rí yẹn ju nọ́ńbà inú ìwé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun yín."

Owó ló kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló sọ ti ìtìjú: "Ṣé kí n wá ṣí ìdí sílẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí?" Mo ní èmi náà ṣí i, ilẹ̀ kò sì lanu. Àwọn ọmọ rẹ̀ dá owó jọ. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wọlé, wọ́n sì rí jẹjẹrẹ. Ó ti wọ ara ìfun, ṣùgbọ́n kò tíì tàn lọ síbòmíràn. Wọ́n gé e, ó sì ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Láàbù kò ṣe àṣìṣe kankan o, 2.1 náà ni CEA rẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ tí kì í ṣe ti CEA ni wọ́n ń tà fún àwọn èèyàn.

*Ibo wá ni CEA ti wúlò?*

Ó wúlò fún ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Wọ́n á wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀.

Tèmi jẹ́ 18 kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí mo rí i, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Òótọ́ ni pé ẹni tí tirẹ̀ ga ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ewu tirẹ̀ ju ti ẹni tí tirẹ̀ wà nílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n dókítà mi jókòó tì mí, ó sì sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn Memorial Sloan Kettering ní New York gbé jáde ní 2018. Wọ́n tọpasẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní 1,000 tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún. Àwọn tí CEA wọn ga tẹ́lẹ̀, tó sì wálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn tí tiwọn kò ga rí dọ́gba. Àwọn tí tiwọn kò wálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni jẹjẹrẹ padà sí lára jù.

Ẹ ò rí i? Nọ́ńbà ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ju ti ìṣáájú lọ. Ara sì máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó gbọn èyí tó kù dànù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kó wá máa sunkún. Tèmi wálẹ̀ sí 2.4.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọdẹ bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀lé ni pé kí a máa wọ̀n ọ́n ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà fún ọdún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí ọdún márùn-ún á fi pé. Bí jẹjẹrẹ ìfun bá máa tàn, ẹ̀dọ̀ ló sábà máa ń lọ jù. CEA lè ti máa gòkè kí ara tó mọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá tètè rí i, tí kò ju ojú kan tàbí méjì lọ nínú ẹ̀dọ̀, wọ́n ṣì lè gé e fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún á sì yè.

Ní ọdún kejì, tèmi fò sókè sí 5.6. Ẹ̀yin tó ti dé ibẹ̀ rí mọ irú oorun tí èèyàn ń sùn. Dókítà kò sọ pé ó ti padà, kò sì sọ pé kò padà. Ó ní kí n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan, ní láàbù kan náà, nítorí pé ẹ̀rọ láàbù kan lè ka ohun tó yàtọ̀ sí ti òmíràn. Mo fi oṣù yẹn gbàdúrà, mo sì fi tajà. Ó jáde ní 3.1. Ká ní ó tún ga sí i ni, wọn ì bá ya àwòrán inú ara mi kíákíá. Bó ṣe ń rìn láti oṣù dé oṣù ni kí ẹ máa wò, ẹyọ kan kò tó fi ṣe ìpinnu. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ gbogbo èsì yín sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀yin tó wà lórí kẹ́mò, ẹ mọ̀ pé kẹ́mò fúnra rẹ̀ lè gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀.

*Àmì kejì tó yẹ kí ẹ béèrè*

Èyí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Lára kókó tí wọ́n gé jáde ni wọ́n ti ń wò ó. MSI ni wọ́n ń pè é. Nínú ara wa, àwọn èròjà kan wà tó ń ṣe àtúnṣe bí ara bá ṣe àṣìṣe nígbà tó ń pín ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Bí àwọn atúnṣe yìí bá bàjẹ́, MSI á hàn. Ní 2021, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ti Memorial Sloan Kettering gbé ìwádìí jáde lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó ju ìdá mẹ́rin kan lọ nínú wọn tó ní àmì yìí, ìyẹn sì pọ̀ ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé wọn lọ.

Ìdí méjì ló mú kí èyí kàn wá. Àkọ́kọ́, ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tàn, tó sì ní MSI, oògùn kan wà tó ń ran ọmọ ogun ara lọ́wọ́, pembrolizumab. Láti 2020 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó wọ́n gan-an, mi ò ní tàn yín. Ìdí kejì ni pé MSI lè fi hàn pé àìsàn náà wà nínú ẹbí. Nígbà náà, ó yẹ kí àwọn ọmọ àti àbúrò onítọ̀hún tètè lọ ṣe àyẹ̀wò.

Síbẹ̀, kò sí àmì kankan tó ju ibi tí wọ́n bá jẹjẹrẹ lọ. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá rí i nígbà tó ṣì wà nínú ìfun nìkan, nínú èèyàn 100, bí 90 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bó bá ti tàn lọ síbi tó jìnnà, wọn kì í tó 20.

*Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́:*

1. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìgbẹ́ tó yí padà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ara tó ń rù, àárẹ̀ tí kò lọ: ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kí ẹ tó pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó wò ó ló sọ bẹ́ẹ̀.
2. Láti 2021, ọmọ ọdún 45 ni wọ́n ní kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ara líle kódà. Bí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ti ní in, ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn.
3. Bí owó kámẹ́rà kò bá tíì sí, tí ara yín sì le, ẹ béèrè àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí. Òun ló yẹ kí ẹ náwó lé, kì í ṣe CEA.
4. Bí wọ́n bá ti gé tiyín, ẹ má pa ọjọ́ CEA yín jẹ, kódà bí ara bá dá ṣáṣá.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni kan tí ẹ mọ̀ pé ojú ń tì láti sọ ohun tó ń ṣe é. Ọlọ́run á fún gbogbo wa ní àlàáfíà o. Èmi ni tiyín, Ìyá Bọ̀dé.