Omi Tí Mo Nù, Tí Mo sì Dákẹ́

Èdè Yorùbá ni Ẹ̀gbọ́n, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, fi bi mí, kí àwọn òyìnbó tó dúró tì wá má baà gbọ́: "Àbúrò, ta ló jẹ́ kí omi wọ inú irin yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀."

Irọ́ ni mo pa.

Ní Jámánì ni, níléeṣẹ́ kan tó ń fi ike ṣe páìpù tí omi ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń gbà. Náílọ̀n ni ike ọ̀hún, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀kọ fún wa lọ́jà o. Eléyìí le bí egungun, fọ́nrán gíláàsì wà nínú rẹ̀. A ó yọ́ ọ ní nǹkan bí dígíríì 280, a ó tì í sínú mould, irin tó ń sọ ọ́ di páìpù. Kí àárín rẹ̀ tó dì, a ó fi ipá ta omi sí i. Omi á ti ike tó ṣì rọ̀ síwájú. Èyí tó ti dì mọ́ ara irin ni yóò ṣẹ́ kù, òun ni ara páìpù. Wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ṣe é náà, àmọ́ omi ló ń mú un tutù kíákíá láti inú.

Ìgbà tí a fi ń dúró kí omi tó wọlé ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bó bá pẹ́, ara páìpù á nípọn. Bó bá yá jù, á fẹ́lẹ́. Ìdájí Sátidé kan, iṣẹ́ ti fà sẹ́yìn, mo bá dín ìṣẹ́jú àáyá 3 kù sí 1.5. Páìpù ń jáde, wọ́n ń dán, inú mi ń dùn. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù ni ọ̀kan bẹ́ níbi kọ́nà rẹ̀, omi tú sínú mould, ooru gba ojú mi. Mo fi àkísà nu ojú irin, mo dá nọ́ńbà padà sí 3, mo pa mould dé, mo pa ẹ̀rọ. Mi ò fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, mi ò fi epo pa á. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé. Oorun ń kùn mí.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó kọ́kọ́ débi iṣẹ́ tan ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀pá tó ń ti páìpù jáde ti dípẹtà mọ́ ihò wọn. Méjì ṣẹ́, wọ́n sì ha ojú mould. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la ò fi rí i lò.

Ẹ̀gbọ́n to àwọn ọ̀pá náà sórí aṣọ funfun, wọ́n pọ́n bí ewé tíìkì tó gbẹ. Nígbà tí mo ní mi ò mọ̀, kò bá mi jiyàn. Ó fa bébà kan yọ lápò: ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́ jáde, 3, 1.5, 3, pẹ̀lú aago wọn. Ó ti rí i kó tó bi mí.