Ìrìn Àjò Èmi àti Àṣàkẹ́ sí Ilẹ̀ Dàhòmì

Ẹ̀yin ará wa ní Minna! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ti bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn ìrìn àjò tí èmi àti ìyàwó mi rìn ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 sínú ìwé ìròyìn wa yìí. Mo ń sá fún un, nítorí pé ibì kan wà nínú ìtàn náà tí kò yẹ mí. Ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ ti wí pé bí n kò bá kọ ọ́, òun yóò sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn obìnrin. Ó sàn kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ẹ óò rántí pé oṣù kẹwàá ọdún náà ni ẹ bá wa ṣe ìgbéyàwó. Ẹ náwó, ẹ nára, a kò gbàgbé. Nígbà tí mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ní rélùwéè, a kọ́kọ́ lọ kí àwọn ará ilé, lẹ́yìn náà ni a kọrí sí ilẹ̀ Benin, tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní Dàhòmì, nítorí orúkọ tí ó ń jẹ́ nìyẹn títí di ọdún 1975. A kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò rán wa níṣẹ́. Èmi kàn fẹ́ fi ojú mi rí ilẹ̀ mìíràn ni. Ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ ní ìdí tirẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ bí ọmọ ogun Gezo ọba Dàhòmì ṣe wá ja Abẹ́òkúta ní ọdún 1851, àti bí Glele ọmọ rẹ̀ ṣe tún wá ní ọdún 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà ní ìgbà méjèèjì. Ó fẹ́ rí ilé tí ogun náà ti gbéra.

Ẹrù wa yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Àpò ńlá olókùn méjì ni mo rà fún wa ní ọjà òkìrìkà, irú èyí tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ sì mọ̀ pé orí ni Yorùbá fi ń ru ẹrù. Ọmọ ni ó ni ẹ̀yìn. Nígbà tí a dé ọjà Dantokpa ní Kútọnu, obìnrin oníṣòwò kan tí ó gbọ́ Yorùbá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wo àpò ẹ̀yìn mi, ó ní, “Bàbá, ẹ kú ọmọ o. Akọ ni àbí abo?” Gbogbo àwọn tí ó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ohun kan ti wà lọ́kàn mi láti alẹ́ àná.

Ohun náà nìyí. Ní ẹnubodè Sèmè, mo fún ọkùnrin kan tí ń ṣẹ́ owó ní náírà mi, ó sì ka owó sẹ́fà 90,000 lójú mi, gbogbo rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń kà á. Ní alẹ́, nígbà tí Àṣàkẹ́ ń wẹ̀, mo tún owó náà kà nínú yàrá tí a gbà, 62,000 ni mo bá. Ọkùnrin náà ti ṣẹ́ 28 nínú owó náà po sí méjì, ó sì ń ka orí, ó ń ka ìdí. Ẹ̀yin ará, akọ̀wé rélùwéè ni mí! Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń kà láti òwúrọ̀ dé alẹ́, bí náírà kan bá dín, èmi ni wọn yóò bi. Oṣù kan péré ni mo sì di ọkọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo di owó náà padà, mo dákẹ́.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí purọ́. Ọ̀kadà ni ó kún Kútọnu. Zemidjan ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé “tètè gbé mi lọ” ní èdè Fọ̀n, àwọn tí ń gùn ún a sì wọ ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè. Àṣàkẹ́ fẹ́ gùn ún. Mo ní ẹni tí ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn. A rìn nínú oòrùn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi lé ròrò. Ó fẹ́ jẹ ẹja. Mo ní àkàsà àti ata ni oúnjẹ ìlú, kí a jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó bá mi jẹ ẹ́. Kò bèèrè nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹta a wọ mọ́tò lọ sí Bohicon, a sì ti ibẹ̀ dé Abomey. Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ ìròyìn ààfin yẹn, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ju ìròyìn lọ. Amọ̀ pupa ni, ó gùn lọ títí, ọba kọ̀ọ̀kan a sì kọ́ tirẹ̀ mọ́ ti baba rẹ̀. Àjọ UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé láti ọdún 1985. A dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ iye owó ìwọlé fún wa. Mo ṣe ìṣirò nínú ọkàn mi. Mo ní, “Ògiri tí a rí yìí tó. Kí ni ó tún kù nínú ilé amọ̀?” Àṣàkẹ́ wò mí. Ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì wo ògiri náà pẹ́ títí. Kò bá mi jà. Ó ìbá bá mi jà, ọkàn mi ìbá balẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì a tún lọ sí àríwá. Mọ́tò kékeré tí ó yẹ kí ó gba ènìyàn mẹ́rin gba méje, àpò wa wà lórí itan wa. A kọjá ní Dassa láàárín àwọn òkè, a sì dé Ṣábẹ. Àwọn àpáta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dán gbinrin lẹ́yìn ìlú. Ẹni tí ó bá mọ àpáta Zuma wa ní Suleja, kí ó fi ojú inú wò ó. Bí a ti bọ́ sílẹ̀ ni ìyá arúgbó kan ní, “Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn.” Ahọ́n wọn yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni, wọ́n sì ní ọba tiwọn, Oníṣábẹ. Láti Kútọnu ni a ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí odi. Ìyá náà fún wa ní omi àti iṣu sísun, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ wo ọ̀nà rélùwéè. Ọ̀nà tí àwọn Faransé là láti Kútọnu dé Parakou gba Ṣábẹ kọjá, gígùn rẹ̀ jẹ́ 438 kìlómítà. Nígbà tí a débẹ̀, ọkọ̀ èrò kò rìn mọ́, koríko ti bo igi abẹ́ irin. Mo tú okùn bàtà mi, mo fi wọn àárín irin méjèèjì. Mítà kan gééré ni tiwọn. Ti àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì là fún wa gba mílímítà 1,067. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìbú ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwa kò lè rìn níbẹ̀ láéláé. Mo ń ṣàlàyé èyí fún Àṣàkẹ́ nígbà tí ó já ọ̀rọ̀ mi gbà.

“Bọ̀dá mi, èló ni ó dín?”

Mo ní, “Mílímítà 67.”

Ó ní, “Owó ni mò ń bi yín.”

Ẹnu mi wọ́. Mo jókòó lórí irin, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní láti alẹ́ àkọ́kọ́ ni òun ti mọ̀, nítorí pé òun gbọ́ bí mo ṣe ń ka owó nígbà mẹ́rin láti inú balùwẹ̀. “Owó kò dùn mí. Ó dùn mí pé ẹ jẹ́ kí n jókòó níta ilé Gezo.” Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú owó àjọ rẹ̀ jáde, owó sẹ́fà 40,000, tí ó ti ṣẹ́ ní Èkó kí a tó gbéra. Ó kà á sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n kà á tẹ̀ lé òun. Mo kà á.

A padà sí Abomey. A wọlé. A rí àwọn àwòrán tí wọ́n fi amọ̀ mọ sára ògiri, kìnnìún Glele wà níbẹ̀, a sì rí ìtẹ́ Gezo tí ó dúró lórí agbárí ènìyàn mẹ́rin. Àwọn ènìyàn kan ń yà á ní fọ́tò. Àṣàkẹ́ kò ya fọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí kò tíì sọ fún mi títí di òní. Nígbà tí a jáde ó ní kí a lọ jẹ ẹja.

Àkọ́bí wa, obìnrin, ẹ bá wa sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 2019, ó sì ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Àpò méjèèjì wà lórí ìṣó nínú yàrá wa. Okùn apá òsì tèmi já, Àṣàkẹ́ ti rán an. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá a, kí ó wá.