Ayétòrò àti Iyèméjì Àwọn Onímọ̀

Ìlú kan wà ní bèbè òkun ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ayétòrò. Àwọn ọmọ ìjọ Àpósítélì Mímọ́ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1947. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ èrè rẹ̀. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì pèsè iná mànàmáná fún ara wọn. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé, ilé ìwé àti itẹ́ òkú wọn lọ. Ọmọ tí ó sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀ kò rí ojú oórì tí yóò fi han àwọn ọmọ tirẹ̀ mọ́.

Kí ni ó fà á? Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣàlàyé pé epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí à ń sun ń kó afẹ́fẹ́ kábọ́nù jọ sí òfuurufú. Afẹ́fẹ́ yìí kì í jẹ́ kí ooru jáde bí ó ti yẹ. Omi òkun tí ó gbóná a máa fẹ̀, yìnyín a máa yọ́, òkun a sì kún sí i. Láàárín 1901 sí 2018, òkun àgbáyé fi nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 20 ga sí i. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà. Etíkun Ìlàjẹ kò ga, ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọ̀nà omi tí àwọn awa-epo gbẹ́ sì ti mú kí omi iyọ̀ wọ inú igbó àti odò. Kò rọrùn láti ya ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó nínú òfò náà sọ́tọ̀.

Ibí yìí ni èdè ti ṣe pàtàkì. Ní 2007, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú-ọjọ́ sọ pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó ń mú ayé gbóná. Lẹ́nu wọn, gbólóhùn yẹn ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Ní 2021, wọ́n ní kò sí iyèméjì mọ́. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ yóò rò pé 'bóyá' lásán ni wọ́n ń sọ. Àwọn olóṣèlú sì fẹ́ràn 'bóyá' púpọ̀, nítorí pé kì í náni lówó.

Òfin kò ṣọ̀wọ́n. Òfin 1979 ti pàṣẹ pé kí sísun gáàsì dànù dópin ní 1984, àyàfi bí mínísítà bá yọ̀ǹda. Síbẹ̀ iná náà kò kú. Ní 2021, Nàìjíríà ṣe òfin lórí ìyípadà ojú-ọjọ́, ó sì fi 2060 ṣe gbèdéke ìmúṣẹ ìlérí rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ kábọ́nù. Ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan ní Íjíbítì pé kí a dá owó sílẹ̀ fún àwọn tí àjálù yìí bá. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun kì í ka kàlẹ́ńdà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ì báà jẹ́ kábọ́nù, ì báà jẹ́ ọ̀nà omi awa-epo, ìdènà òkun ni Ayétòrò nílò. Lẹ́yìn náà ni kí a wádìí ẹni tí yóò san gbèsè, nítorí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ san án. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: iyèméjì lórí ìpín ẹ̀bi kì í ṣe iyèméjì lórí òfò.