Oúnjẹ Tí A Jẹ Ní Ìta Ilé

Ní ìgbà èwe wa, ìyá wa kò fẹ́ràn kí a máa jẹun níta. Bí a bá ti ilé-ìwé dé tí ó sì rí epo ní igun ètè wa, yóò bi wá ní ilé ẹni tí a ti jẹun, yóò sì bi wá bóyá a kí wọn dáadáa nígbà tí a jẹ tán. Lẹ́yìn náà ni yóò tó pinnu bóyá pàṣán ni ó tọ́ sí wa tàbí ìbáwí ẹnu. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ bá mọ ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹlòmíràn, ọ̀kánjúwà ni ó ń kọ́. Ìyá wa ti sùn nínú Olúwa. Ìbá ṣe pé ó wà láàyè láti rí bí iṣẹ́ katikíìsì ti sọ wá di ẹni tí ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì olóúnjẹ láti Ajah títí dé ìlú Accra, a kò mọ èyí tí a ó lè dáhùn nínú ìbéèrè rẹ̀ láìwo ilẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, díẹ̀ nínú àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ni a fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe gbogbo wọn; ọ̀pọ̀ ni ó ti bọ́ lọ́kàn wa kí a tó fọ ọwọ́ tán.

Ní ọdún 2005, ní kété tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, a rán wa lọ sí ìjọ kékeré kan ní ẹ̀bá ọ̀sà, ní ọ̀nà Badore lẹ́yìn Ajah. Ilẹ̀ tóóró ni ilẹ̀ Lẹ́kkí: òkun ńlá wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá, iyanrìn àti irà ni ó wà láàrin. Ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ti wà láti àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n ní ìgbà tí à ń wí yìí, bí ènìyàn bá ti yà kúrò lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a rì sínú iyanrìn. Owó oṣù wa kéré, kì í sì í dé lásìkò. Ìgbà kan wà tí a kò rí kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, a sì ń wàásù lórí mánà.

Obìnrin kan ń ta oúnjẹ nígbà náà ní tòsí ibùdókọ̀ Ajah. Ìyá Ìlàjẹ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Pákó àti páànù ni búkà rẹ̀, pupuru sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwa. Ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ ni a fi tọ́ wa, a kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ pupuru rí. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a bó o, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, oró inú rẹ̀ a sì bá omi lọ. Lẹ́yìn èyí wọn a yọ ìtàkùn inú rẹ̀, wọn a fún un gbẹ, wọn a fi ọwọ́ mọ ọ́n ní róbótó, wọn a sì tò ó sókè iná igi kí èéfín lè yan án. Èèpo dúdú a bò ó lára. Wọn a ha èyí nù, wọn a gún funfun inú rẹ̀, wọn a sì kù ú; ìyẹ̀fun náà ni wọ́n ń rò nínú omi gbígbóná. Àwọn ará omi ni ó ni ọgbọ́n yìí. Níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ kò pọ̀ tí a lè sá nǹkan sí, èéfín ní láti ṣe iṣẹ́ oòrùn.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀, Ìyá gbé e ka iwájú wa pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí a fi ewé sè, tí ó korò díẹ̀ lẹ́nu, pẹ̀lú ẹja ọ̀bọ̀kún inú ọ̀sà tí ó tóbi ju ìpín wa lọ. A bu òkèlè kan, èéfín kún imú wa.

“Ìyá,” ni a wí, “ó dà bí ẹni pé oúnjẹ yìí ti jóná.”

“Tíṣà, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán ná,” ni ó dá wa lóhùn, kò tilẹ̀ wo ojú wa.

A jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà wá, a kò tún lè jẹ òkèlè mìíràn kí ó má dà bí ẹni pé nǹkan kan dín nínú rẹ̀.

Ìyá kò mọ ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ àwìn, yóò fi èédú fa ilà kan sára pákó tí ó wà lẹ́yìn àwọn ìkòkò rẹ̀. Olúkúlùkù oníbàárà ni ó ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Tiwa wà ní apá ibi tí páànù ti ń jò. Ní ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀ bí a ti ń jẹun, omi ṣàn wálẹ̀ lára pákó náà, a sì fi ojú ara wa rí i bí díẹ̀ nínú ilà wa ti ń parẹ́. Ìyá wà níta tí ó ń gbé igi ìdáná rẹ̀ wọlé. A kò wí nǹkan kan. A jẹ ẹja wa tán, a sì kí i pé ó dàárọ̀.

Nígbà tí ó ṣe, owó oṣù mẹ́ta náà dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé tí ó gbé wa lọ sí ìjọ mìíràn sì dé lọ́sẹ̀ kan náà. A ti ka ilà wa: ó kù 29. Oúnjẹ kan jẹ́ ₦80, nítorí náà gbèsè wa jẹ́ ₦2,320. A fi owó náà ra bàtà, nítorí ojú ti tèṣí yóò tì wá níwájú ìjọ tuntun, a sì wí fún ọkàn wa pé a ó padà wá san án ní ìparí oṣù. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni a fi Ajah sílẹ̀, kí iná Ìyá tó jó. Oṣù náà parí, òmíràn parí. Bí ọkọ̀ bá gbé wa gba Ajah kọjá lẹ́yìn náà, a máa ń rí nǹkan wò ní apá kejì.

Oúnjẹ tí a jẹ lẹ́yìn èyí kò kéré. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa tí Ọlọ́run bù kún fún mú wa lọ sí ilé oúnjẹ ńlá kan ní Lẹ́kkí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù tí gíláàsì omi sì ń dán. Wọ́n gbé ẹja wá lórí àwo funfun gbàràmù, ẹja náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. A mọ adùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀bọ̀kún ni.

Ní ọdún 2011, a lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wa kan ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Amiwo ni wọ́n fi ṣe wá lálejò, ìyẹ̀fun àgbàdo tí a rò pọ̀ mọ́ òróró àti tòmátò títí ó fi pọ́n, tí a gbé adìẹ dídín lé lórí. Ó dùn, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa dúró ni obìnrin olẹ́kọ kan ní ẹ̀bá ọ̀nà ní òwúrọ̀ kejì, tí ó ń ta ẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní akassa, tí ó sì ń fi Yorùbá tí ó mọ́ gaara nájà. A san sefa rẹ̀ kí a tó na ọwọ́ sí ẹ̀kọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bọ̀dá, ta ní ń lé yín?”

Àwọn oúnjẹ wa rìn jìnnà ju àwa lọ. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí a ti kó àwọn baba wa lẹ́rú lọ, ẹ̀kọ yìí ń jẹ́ acaçá, àkàrà sì ń jẹ́ acarajé. Àwọn obìnrin tí ń dín in ní ẹ̀bá ọ̀nà a máa wọ aṣọ funfun, wọn a sì wé gèlè. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin náà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Ọdún náà gan-an ni à ń jẹ àwìn ní Ajah.

Ní Accra, ní ọdún 2014, kenkey ni a jẹ, oúnjẹ àwọn Gã: àgbàdo kíkan tí a fi èèpo àgbàdo dì tí a sì sè. Àwọn Fanti a máa fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì tiwọn. Ata lílọ̀ tútù àti ẹja dídín ni ó bá a rìn, pẹ̀lú ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní shito, tí edé wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a jẹ tán, a fi ọwọ́ bọ àpò, owó wọn tí ó wà níbẹ̀ kò tó. Obìnrin náà kò gbọ́ èdè wa, àwa náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ó kàn ju ọwọ́ pé kí a máa lọ, ọ̀la ń bọ̀. Ẹ̀yin ará, a sáré. Ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó wọ kọ́là ìjọ, sáré láàrin ọjà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó, ó sì sáré padà kí obìnrin náà tó palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni a ṣí afárá Ajah. A gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún náà pẹ̀lú owó nínú àpò ìwé, nítorí a ti pinnu níkẹyìn. Kò sí búkà, kò sí pákó. Àwọn tí a bi léèrè kò mọ ẹni tí à ń wí.

Ní ọdún tí ó kọjá, a rí obìnrin kan tí ó to pupuru sórí àtẹ ní ọjà Ajah, a sì tún béèrè. Àwọn Ìlàjẹ mọ ara wọn. Ó ní Ìyá ti padà sí Ìgbókòdá, ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Ọmọ rẹ̀ obìnrin a sì máa kó ọjà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. A délé, a sọ fún ìyàwó wa pé ₦2,320 ni a ó fi rán ọmọ náà.

“Bàbá Tósìn,” ni ó wí, “ilà tí Ìyá fà, ṣé ilà náírà ni tàbí ilà oúnjẹ?”

A kò rí èsì fọ̀. Oúnjẹ kan náà ti di ₦2,500 ní Ajah; ní ọ̀nà 29, ₦72,500 ni. Oṣù mẹ́rin ni a fi kó o jọ. A kà á lé ọmọ náà lọ́wọ́, a sì ní kí ó sọ fún Ìyá pé Tíṣà tí ó wí pé oúnjẹ jóná ni ó fi rán an, ti oúnjẹ 29.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé pupuru mẹ́fà fún wa, tí a fi bébà dì, èèpo dúdú ṣì wà lára wọn.

“Ìyá ní wọ́n kí yín,” ni ó wí. “Wọ́n ní kí Ọlọ́run bùsí àpò yín. Wọ́n ní ẹ ṣì í kà, sà. 33 ni.”